Ojú Mẹ́fà Lórí Páálí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi sùúrù lọ̀ mí: inú ń bí mi. Oṣù kìíní ọdún 2015 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán nínú mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní, "Sìsítà Ìbíwùmí, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run ò sọ fún mi pé kí n má bínú.

Irun ni mò ń ṣe ní Turin, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Porta Palazzo, níbi tí tíráàmù ti ń han gooro kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Adéoyè, ọkọ mi, ń bá wọn yọ́ irin ní iléeṣẹ́ kan ní Brescia. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń dé. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Démiládé, obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Turin la bí i sí. Tí mo bá fi Yorùbá pè é, èdè Ítálì ló fi ń jẹ́ mi lóhùn, bíi gbogbo àwọn ọmọ tí a bí síbí.

Démiládé ní àìsàn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo kórìíra orúkọ yẹn dé góńgó. Ta ló ń kú? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ló ń lẹ̀ pọ̀ nínú iṣan nígbà tí òtútù bá mú un tàbí tí kò bá mu omi tó, egungun rẹ̀ á wá máa ro ó bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Àtìgbà tó ti pé ọmọ ọdún kan ni dókítà ti kìlọ̀ fún wa: tí ìrora bá ti dé, ẹ má fi falẹ̀, ẹ gbé e wá kíákíá, kí a lè fún un ní oògùn tó lágbára, kí a sì fa omi sí i lára. Tó bá pẹ́ jù, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ lórí bí Àdúrà Olúwa.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Démiládé jí, ó ń di ògiri mú kó tó lè dé balùwẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?" Ó ní, "Un po'." Díẹ̀. Mo mọ díẹ̀ rẹ̀. Mo wọ aṣọ mẹ́ta fún un léra wọn, bàbá rẹ̀ gbé e léjìká, a bá tíráàmù lọ sí pronto soccorso, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba àìsàn pàjáwìrì, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ torí n kò fẹ́ ẹjọ́.

Nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ ò gbójú sókè wò wá dáadáa. Ó fa páálí kan yọ. Ojú mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀: èkíní ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, títí dé ẹ̀kẹfà tí omijé ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Ó na páálí náà sí Démiládé, ó ní, "Èwo nìwọ lónìí?" Ọmọ wo páálí. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo èmi náà. Ó wá fi ìka kan ojú èkíní, èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bene, grazie." Dáadáa ni, ẹ ṣé.

Adéoyè fọwọ́ pa á lórí. "Ọmọ dáadáa," ló wí.

Ọmọ dáadáa kẹ̀! Mo ní, "Signora, ẹ wò ó, kò lè dúró dáadáa! Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló ní, ìwé rẹ̀ rèé!" Ó ní ọmọ fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun wà dáadáa. Ó fún wa ní codice verde, àwọ̀ ewé, ìyẹn àwọ̀ àwọn tó lè dúró. Wákàtí mẹ́rin la fi dúró. Nígbà tí dókítà kékeré kan máa fi rí wa, páálí kan náà ló tún fà yọ, ojú kan náà sì ni ọmọ tún fọwọ́ kàn. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ní kò síbà, ó kọ oògùn tí mo lè rà fún ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó ní tí ibà bá dé kí a padà wá.

Àbẹ́ẹ̀ rí nǹkan? Ọmọ tẹ̀ kọdọrọ níwájú wọn, páálí ni wọ́n ń wò! Ẹ wá wo ìyà tó tún jẹ mí. Tí ara mi bá balẹ̀, mo lè fi èdè Ítálì ta òòyà fún apárí. Ṣùgbọ́n tí inú bá ti bí mi, èdè náà á sá lọ, Yorùbá nìkan ló máa kù lẹ́nu mi, ta ló sì fẹ́ gbọ́ ọ níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Adéoyè fà mí láṣọ: "Ìyá Démi, má dójú tì wá. Wọ́n á ní bí àwa ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn." Mo sì dákẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo dákẹ́, a gbé ọmọ, a lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èémí Démiládé ń gé. Ètè rẹ̀ ti ń dà bí aró. Ambulánsì ló gbé wa padà. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gbé e sí yàrá tí ẹ̀rọ ti ń dún, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n ń fa ti ẹlòmíì sí i lára. Odindi ọjọ́ méjì ni dókítà kékeré yẹn ò lè wò mí lójú. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá wọn, obìnrin àgbà kan, wá sọ òótọ́ fún mi: ọmọ ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n tí a bá tún pẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà míì, òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Ó ní ọmọ yìí gbọ́dọ̀ máa sọ ìrora rẹ̀ bó bá ṣe rí gan-an, lọ́jọ́ tó bá dé, fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í.

Mo bọ́ síta. Páálí olójú mẹ́fà míì wà lára ògiri níbẹ̀. Mo já a, mo fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo dà á sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Wọ́n lọ pe Giulia.

Giulia yìí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Padua, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwòrán ló ń yà fún àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti fún òbí wọn, kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Òun ló ya ojú mẹ́fà náà. Bí mo ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo da gbogbo ohun tó wà níkùn mi lé e lórí. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n, ìwọ ni! Ìwọ lo gbé ẹ̀rín wá sí ilé ìwòsàn! Ta ló ń rẹ́rìn-ín ní pronto soccorso? Ṣé ọtí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ ni? Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí bíró rẹ!" Èdè Ítálì ò tiẹ̀ sá fún mi lọ́jọ́ yẹn. Giulia ò bá mi jà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa páálí tó ya nílẹ̀, ó ní ṣé òun lè bi ọmọ léèrè ìdí tó fi mú èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó bi í, á sọ fún un pé àwòrán rẹ̀ ò dáa.

Démiládé wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nímú. Nígbà tí Giulia bi í, èmi ló kọ́kọ́ wò. "Posso dirlo, mamma?" Ṣé òun lè sọ ọ́?

Mo ní, "Sọ ọ́, jàre."

Ó fi èdè Ítálì sọ ọ́, jẹ́jẹ́, torí èémí rẹ̀ ò tíì tó. Ó ní, "Mo rò pé wọ́n ń bi mí pé èwo ló dáa ni. Ojú tó yẹ kéèyàn ṣe. Tí àgbà bá ní báwo ni, èèyàn ò gbọdọ̀ fajú ro, papà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mamma náà, tó bá ń dirun fún mi tí omi bọ́ lójú mi, á ní ta ló ń sunkún níbẹ̀ yẹn, ọmọ dáadáa kì í sunkún. Mo bá mú ojú ọmọ dáadáa."

Ó rò pé ìdánwò ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n ń ṣe fún òun, ó sì yege! Ọdún mélòó ni mo ti ń di orí àwọn ọmọdé mú sáàárín eékún mi, tí mò ń fa irun wọn, tí mò ń ní, "Fara dà á, má ṣojo, o ti ń rẹwà"? Ọmọ àwọn ẹlòmíì á lọ sílé. Tèmi jókòó tì mí lójoojúmọ́, ó ń kọ́ ọ. Bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wẹ̀yìn wò. Mo wẹ̀yìn wò, n ò rí ẹlòmíì níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo dárí ji ilé ìwòsàn o. N ò dárí jì wọ́n. Ẹni tó lójú kì í bi páálí léèrè ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀bi tiwọn dúró láàyè rẹ̀, tèmi náà dúró láàyè rẹ̀, inú sì bí mi sí méjèèjì.

Giulia ní páálí ò lè ṣiṣẹ́ fún Démiládé mọ́, ara ọmọ fúnra rẹ̀ la máa yà. Ní Sátidé, nígbà tí Adéoyè ti dé láti Brescia, Giulia gbé bébà funfun gbàǹgbà kan wá, tí wọ́n ká bí ẹní. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí Démiládé nà gbalaja sórí rẹ̀, kí òun fi bíró yí ara rẹ̀ ká, kó wá fúnra rẹ̀ kun gbogbo ibi tó máa ń dùn ún. Démiládé ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Dìde ńbẹ̀!" Adéoyè ké débi pé ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì jí. "Dìde kíákíá! Kí ni wọ́n ń wọ̀n? Ta ni wọ́n fẹ́ wọ̀n?"

Giulia ò mọ ohun tó ṣe. Ó rò pé yíǹkì ló ń bà á lẹ́rù, ó ní á fọ̀ kúrò láṣọ. Yíǹkì kẹ̀! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń bínú sí Adéoyè, ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà gbágbáágbá. Mo ní, "Giulia, gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀. Káfíńtà ló ń wọ̀n ọ́n. Ẹni náà kì í dìde mọ́."

Giulia fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ti ṣe é fún ọmọ bí ogójì, kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí. Mo ní ṣé ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn? Ó ní méjì ni, pé ìyá ọ̀kan, tó ń wá láti Ferrara, ò padà wá mọ́, òun sì rò pé ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà wo! Obìnrin náà sá lọ ni!

Ó wá ní, "Tó bá dúró ńkọ́?" Ìyẹn ò léèwọ̀. Adéoyè, tó ga, di bébà mú mọ́ ògiri lókè, èmi di ìsàlẹ̀ mú, Démiládé fẹ̀yìn tì í, ọ̀pá tí wọ́n fi omi rẹ̀ kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Giulia sì fi bíró yí i ká. Nígbà tí bíró dé abẹ́ apá, ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Giulia kó kíréyọ̀nù síwájú rẹ̀, ó sì kọjú sí wa: àwa òbí ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ ò mọ bó ṣe le tó. Ìṣẹ́jú kan ò pé tí Adéoyè fi ní, "Kùn ún dáadáa, má kọjá ìlà." Mo fi ìgúnpá gún un.

Ó fi búlúù kun àyà. Ó kun itan méjèèjì. Ìyẹn ò yà wá lẹ́nu, a mọ̀ ọ́n. Ó wá mú èyí tó ní àwọ̀ èsè àlùkò, ó gòkè lọ sí orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ìgbà téèyàn bá ń pín irun kó tó dì í. "Questa è mamma," ló wí. Mamma nìyí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ẹ gbà mí o! Mò ń bá nọ́ọ̀sì jà pé kò rí ìrora ọmọ mi, èmi tí mo di orí náà mú lọ́wọ́!

Lẹ́yìn náà ló mú pupa. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí eékún, ó kùn ún, ó kùn ún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí bébà fi lu. Ó kọjá sí èkejì, ó ṣe é bákan náà. Giulia bi í pé kí nìyẹn.

"Venerdì." Ọjọ́ Ẹtì.

Giulia ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì? Démiládé wo bàbá rẹ̀, ó sì yára wolẹ̀.

Èmi ti mọ̀ kí Adéoyè tó mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó bá ti ṣílẹ̀kùn, Démiládé á kúnlẹ̀ lórí táìlì ẹnu ọ̀nà, eékún méjèèjì, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n á sì sá lọ. Adéoyè máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ òun ò ní di ara àwọn tó ń sọ "ciao" fún bàbá wọn. Á gbé báàgì sílẹ̀, á wá máa kì í: Àdùkẹ́, Àdùkẹ́ mi. Á kì í títí kan ilé baba baba rẹ̀, kò sì ní kánjú, torí láti ọjọ́ Ajé ló ti ń retí rẹ̀. N ò rò pé nǹkan kan dùn mọ́ ọn láyé yìí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ á sì wà lórí eékún lórí táìlì tútù, nínú òtútù oṣù kìíní, títí á fi kì í tán. Kò sọ fún un rí pé ó ń dun òun. Báwo ló ṣe máa sọ ọ́?

Adéoyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò dénú. Ó ní, "Ṣé ìkíni ló wá di àìsàn báyìí? Èmi náà dọ̀bálẹ̀ dàgbà, kò pa mí."

"Ẹ̀jẹ̀ tiyín ò lẹ̀ pọ̀!" Mo ti gbàgbé pé wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀.

"Ìyá Démi, ìwọ àti òyìnbó yìí, àwòrán lásánlàsàn lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi láti rí mi fín."

"Lásánlàsàn? Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí àwòrán ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbà á gbọ́, ẹ tún fọwọ́ pa ọmọ lórí. Lónìí tí àwòrán ń sunkún, ó wá di lásánlàsàn?"

Ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde. Ó padà sí Brescia lọ́jọ́ Àìkú, kò sọ pé ó dàbọ̀. Mo ya fọ́tò àwòrán náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, n ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Àmì búlúù méjì hàn, mo mọ̀ pé ó ti rí i. Kò fèsì.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀. Mo lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ọmọdé yòówù tó bá jókòó síwájú mi, mo ní kó nawọ́ kan ibi tó bá ń dùn ún lára àwòrán, tó bá sì jẹ́ orí ni, èmi náà á dẹwọ́. Àwọn ìyá kan ní mò ń ba ọmọ jẹ́. Ìyábọ̀, oníbàárà mi kan, ní orí tí kò lè fara da òòyà, báwo ló ṣe máa fara da ilé ọkọ? Mo ní kó gbé orí tirẹ̀ wá kí n fà á, ká jọ wo bí òun ṣe máa fara dà á. Ṣíọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ìṣòro mi, ilé ni. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ tí Adéoyè dé, Démiládé sáré jáde, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́: "Má kúnlẹ̀." Ó kọjá wọlé, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Kò kì í. Ọjọ́ Ẹtì kejì, bákan náà. Ní ìkẹta, ọmọ wá bá mi ní kíṣìnnì, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì. Ó ní, "Mamma, kò yẹ kí n ti kun eékún yẹn. Papà ò pè mí ní Àdùkẹ́ mọ́."

Ẹ ò rí i? Ọmọ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ohun tó rí gbà nìyẹn! Mo ju síbí sílẹ̀. Mo wọ pálọ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n lójú Adéoyè. Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ọmọ yìí bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín pé òótọ́ ń lé bàbá lọ, nígbà míì tí ìrora bá dé, á rẹ́rìn-ín sí wa títí èémí á fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo máa bá a."

Mo retí kó bú mi. Kò bú mi. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí mo ti pa. Ó ní, "Tí mo bá ti fẹ́ pe Àdùkẹ́, eékún yẹn ló ń yọ sí mi lójú. Ọdún mélòó ni, Ìyá Démi? Ọdún mélòó ni mo fi ń kì í tí ó ń jẹ̀rora?" Ó yẹ kí n káàánú rẹ̀. N ò lè káàánú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún ọmọ, kì í ṣe fún mi, mo sì padà sí kíṣìnnì. Kò lọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ fún ọmọdé.

Ó di oṣù kẹta. Sátidé ni, òjò tútù ti ń rọ̀ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, Démiládé jí tòun ti ìrora. Lọ́tẹ̀ yìí n ò bi í léèrè, mo rí bó ṣe ń mí. A tún dé pronto soccorso kan náà. Ọkùnrin ni nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, kò tiẹ̀ fa páálí kankan yọ. Adéoyè ló gbé ọmọ léjìká, òun ni ọkùnrin náà sì kọjú sí: báwo ni ọmọ ṣe wà?

"Bene, bene, grazie a Dio," ni Adéoyè wí. Dáadáa ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ n má parọ́ mọ́ ọn: kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló sáré. Tí wọ́n bá kí Adéoyè níbi ìsìnkú ara rẹ̀, a dúpẹ́ ló máa sọ. Ṣùgbọ́n bíró ọkùnrin náà ti ń lọ lórí ìwé. Orí mi gbóná. Mo lanu pé kí n kígbe.

Démiládé gbórí sókè léjìká bàbá rẹ̀. Yorùbá ló fi sọ ọ́. "Dádì, ẹ má parọ́." Ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Sto male. Tanto. Le gambe, e qui." Ara òun ò yá, gan-an ni, ẹsẹ̀ òun, àti ibí yìí. Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀.

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wa, Yorùbá bíi tiwa, pòṣé: "Háà! Ẹ wo àwọn ọmọ Ítálì yìí." Ẹ̀yin náà mọ bí ohun tí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀ ṣe wúwo tó. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbá létí nítorí èyí tí kò tó ìdajì rẹ̀. Èmi gan-an, ká ní mo sọ ọ́ fún bàbá mi, eyín mi ì bá dín. Mo bọ́ síwájú Adéoyè, mo ti múra ìjà, kódà níwájú òyìnbó.

Adéoyè wo ojú ọmọ náà. Ó wá na ọwọ́ kọjá lára mi, ó fi ìka tẹ ìwé tó wà níwájú nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ pa èyí tí mo sọ rẹ́. Ohun tó sọ ni kí ẹ kọ."

Ọkùnrin náà pa á rẹ́, ó kọ tuntun. Codice rosso ló fún wa, àwọ̀ pupa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí wọ́n fi gbé e wọlé, tí oògùn ti ń lọ nínú iṣan rẹ̀. Dókítà jáde wá sọ fún wa pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, pé a tètè dé.

Ó wá ku àwa méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń kán sílẹ̀ láti ara jákẹ́ẹ̀tì Adéoyè.

"Ọmọ yẹn pè mí ní òpùrọ́," ló wí. "Lójú gbogbo ayé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ló sì sọ."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí. "Kó ṣáà máa pè."